Ọ̀nà márosẹ̀ àti etí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ nínú Cities: Skylines: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Etí Ọ̀sà (Ẹ̀pẹ́)

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, mo kí yín. Mo ń kọ́ ìlú kan nínú Cities: Skylines, géèmù tí a fi ń kọ́ ìlú lórí kọ̀ǹpútà, èyí àkọ́kọ́ tó jáde ní 2015, nítorí pé kọ̀ǹpútà mi kò lè gbé ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀pẹ́ wa yìí gan-an ni mo fẹ́ fi ṣe àwòkọ. Mo wá àwòrán gíga ilẹ̀ agbègbè yìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo gbé e sínú ohun èlò tí a fi ń ṣe máàpù nínú géèmù náà, ìlú sì ti ń dìde díẹ̀díẹ̀.

Nǹkan méjì ló ń dà mí láàmú. Èkíní ni pé etí ọ̀sà mi kò jọ etí ọ̀sà. Ilẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ ní ìpele-ìpele bí àtẹ̀gùn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, omi náà kò sì jìn rárá, débi pé tí mo bá gbé ilẹ̀ sókè díẹ̀ kí ọ̀nà lè kọjá, omi á ya wọ àdúgbò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èkejì ni ọ̀nà márosẹ̀ tó ti ìhà Lẹ́kí gba orí afárá wọ ìlú. Ìlà mẹ́ta ni mo ṣe sí ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n àwọn tírélà tó ń lọ sí agbègbè iléeṣẹ́ máa ń tò sí ìlà ọwọ́ ọ̀tún nìkan, láti ẹnu ọ̀nà ìjáde títí dé orí afárá, nígbà tí ìlà méjì tó kù ṣófo. Mo fi ìlà kan kún un, kò yí nǹkan kan padà. Ẹnìkan sọ fún mi pé kí n tún ilẹ̀ ṣe tán kí n tó la ọ̀nà. Ẹlòmíràn ní kí n la ọ̀nà ná, kí n wá ṣe ilẹ̀ yí i ká. Èwo ni kí n gbọ́?

Awakọ̀ Ìtóìkín

Fi ìlà kún un sí i, àbúrò. Mẹ́rin kò tíì tó. Àwọn mọ́ọ̀dù, ìyẹn àfikún tí àwọn eléré fúnra wọn ṣe, wà lórí Steam, ìkànnì tí a ti ń ra géèmù, tó ń fúnni ní ọ̀nà tó fẹ̀ ju ti inú géèmù lọ. Ọ̀nà tó bá fẹ̀ dáadáa kì í dí.

Ará Ìkòròdú

Ẹ̀gbọ́n Awakọ̀, ẹ má bínú, n kò fara mọ́ èyí. Ẹni tó béèrè ti sọ pé òun fi ìlà kún un tí kò sì ran òun lọ́wọ́, ìdí rẹ̀ sì wà nínú bí géèmù náà ṣe ń ronú. Bí ọkọ̀ bá ti gbéra, ó ti mọ gbogbo ọ̀nà tí yóò gbà títí dé ibi tó ń lọ, ó sì máa ń bọ́ sí ìlà tí yóò ti yà láti ọ̀nà jíjìn. Kò ní yí ọkàn padà nítorí pé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ wà níwájú, kò sì ní wo ìlà tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ rárá. Nígbà tí gbogbo tírélà bá ń lọ sí ẹnu ọ̀nà ìjáde kan ṣoṣo tí kò ní ju ìlà kan lọ, bí o tilẹ̀ la ìlà mẹ́wàá sórí márosẹ̀, ẹyọ kan náà ni wọn yóò máa lò.

Ohun tí mo máa ṣe nìyí bí èmi bá ni. Lákọ̀ọ́kọ́, màá ṣírò ìlà. Márosẹ̀ onílà mẹ́ta tó bá yọ̀ǹda ìlà kan fún ọ̀nà ìjáde, méjì ló yẹ kó kù lẹ́yìn ibẹ̀. Nígbà tí ọ̀nà ìwọlé bá tún mú ìlà kan wá, yóò padà di mẹ́ta. Bí ìṣirò yìí bá pé, ọkọ̀ tó ń wọlé kò ní máa já ara wọn gbà pẹ̀lú èyí tó ń kọjá lọ, nítorí pé olúkúlùkù ti ní ìlà tirẹ̀. Bí àwọn tírélà bá pọ̀ tó bí o ṣe sọ, fún wọn ní ọ̀nà ìjáde onílà méjì, kí ìlà méjì lórí márosẹ̀ lè máa bọ́ sínú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, lọ wo ìdí ọ̀nà ìjáde náà. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé iná tó ń darí ọkọ̀ wà níbẹ̀, níbi tí ó ti pàdé títì inú ìlú, àti pé láti ibẹ̀ ni ìtò náà ti bẹ̀rẹ̀ kó tó gùn dé orí afárá. Ó ṣeé ṣe láti pa iná yẹn nínú àwòrán tí géèmù fi ń fi ìrìnnà ọkọ̀ hàn, láìlo mọ́ọ̀dù kankan, kí o sì fi àmì ìdúró sí títì kékeré kí àwọn tó ń bọ̀ láti márosẹ̀ lè máa kọjá láìdúró. Ẹni tó bá fẹ́ lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lè gba mọ́ọ̀dù Traffic Manager: President Edition, èyí tó máa ń jẹ́ kí a sọ fún ìlà kọ̀ọ̀kan ibi tó gbọ́dọ̀ yà sí.

Ohun tó kẹ́yìn ṣe pàtàkì jù lójú mi: má fi ọ̀nà ìjáde agbègbè iléeṣẹ́ sí ìdí afárá. Afárá kò ní àyè tí ọkọ̀ ti lè pààrọ̀ ìlà. Gbé e síwájú dáadáa, kí o sì ya ẹnu ọ̀nà àwọn tírélà sọ́tọ̀ kúrò lára ti àwọn aráàlú.

Awakọ̀ Ìtóìkín

Mo ti gbọ́ tìẹ, ọmọ Ìkòròdú. Ṣùgbọ́n bí o bá pa iná náà, ọkọ̀ títì kékeré ò ní rí àyè jáde nígbà tí tírélà bá ń wọ́ lọ láìdáwọ́ dúró. Ráńdábáọ̀tì ló yẹ ibẹ̀.

Ará Ìkòròdú

Òótọ́ ni, bí títì kékeré náà bá ní ọkọ̀ púpọ̀. Ráńdábáọ̀tì ṣiṣẹ́ dáadáa nínú géèmù yìí bí a bá fi ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà ní apá kan ṣoṣo ṣe é, tí ó fẹ̀ ní ìlà méjì ó kéré tán, tí àwọn tó wà nínú rẹ̀ sì ní ẹ̀tọ́ láti kọjá ṣáájú àwọn tó ń wọlé. Èyí tó kéré jù ni kò dára, nítorí pé ẹnu ọ̀nà méjì á súnmọ́ ara wọn jù, wọn á sì dí ara wọn.

Ayàwòrán Ilẹ̀

Ẹ̀yin méjèèjì ti tó fún ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ilẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ìṣòro àwa ará etí omi ti yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń kọ́ ìlú orí òkè.

Àwòrán gíga ilẹ̀ tí géèmù yìí ń gbà jẹ́ aláwọ̀ eérú, písẹ̀lì 1081 ní ìbú, 1081 ní òró. Máàpù náà jẹ́ kìlómítà 17.28 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, nítorí náà písẹ̀lì kan dúró fún mítà 16. Láti dúdú pátápátá dé funfun pátápátá jẹ́ gíga mítà 1024. Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀: bí fáìlì náà bá jẹ́ ti bíìtì 8, ìpele 256 péré ló wà láàárín dúdú àti funfun, èyí túmọ̀ sí pé ìpele kan ga ju èkejì lọ ní mítà 4. Ní ìlú olókè, ojú kò ní rí i tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní etí ọ̀sà wa, níbi tí ilẹ̀ ti lè rìn jìnnà kó tó ga ju omi lọ ní mítà mélòó kan, gbogbo ìdagẹ̀rẹ̀ yẹn á bọ́ sínú ìpele ẹyọ kan tàbí méjì. Àtẹ̀gùn tí o rí nìyẹn. Fáìlì bíìtì 16 ní ìpele 65,536, ìyàtọ̀ láàárín méjì kò sì tó sẹ̀ǹtímítà méjì.

Ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í mọ̀. Púpọ̀ nínú àwòrán gíga ilẹ̀ tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì wá láti inú iṣẹ́ ìwọnlẹ̀ tí ọkọ̀ òfúrufú Endeavour ti Amẹ́ríkà ṣe láti ojú ọ̀run ní oṣù kejì ọdún 2000. Rédà ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, rédà yẹn kì í sì í wọ inú igbó tó dí dé ilẹ̀. Ibi tí igi bá ti pọ̀ lẹ́bàá omi, orí igi ni ẹ̀rọ náà á kà sí ilẹ̀, ìwọ á sì rí òkè kékeré níbi tí irà wà ní ti gidi. Ní ti omi, ojú rẹ̀ nìkan ló rí, kò wọn ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀sà rẹ fi dà bíi pé ẹsẹ̀ lè tẹ ilẹ̀ rẹ̀ níbi gbogbo: ọwọ́ ni a fi ń wa á.

Nítorí náà, ní ti ìbéèrè rẹ, ilẹ̀ ló ń ṣáájú. Parí rẹ̀ nínú ohun èlò ìṣe máàpù kí o tó fi ọ̀nà kankan sí i, nítorí pé níbẹ̀ a kì í bi ọ́ níbi tí o ti rí erùpẹ̀. Nínú ìlú tí o ti ń gbé ènìyàn sí, géèmù máa ń ka erùpẹ̀: èyí tí o bá wa níbì kan ni o lè fi kún ibòmíràn.

Ọmọ Etí Ọ̀sà (Ẹ̀pẹ́)

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀gbọ́n. Mo ṣàyẹ̀wò fáìlì náà, bíìtì 8 ni lóòótọ́. Ṣé mo kàn lè yí i padà sí 16 nínú ohun èlò àwòrán? Àti pé, ṣé mo lè ṣe Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ pọ̀ sórí máàpù kan, kí ọ̀nà Ìtóìkín lè so wọ́n pọ̀?

Ayàwòrán Ilẹ̀

Rárá sí méjèèjì, àbúrò. Yíyí i padà kò ní dá ohun tó ti sọnù padà. Ìpele 256 yẹn náà ni yóò wà nínú fáìlì tó tóbi jù. Lọ gba ìwọ̀n náà lákọ̀tun ní bíìtì 16. Bí o kò bá rí i, fi ohun èlò àwòrán tú ojú rẹ̀ ká díẹ̀ lẹ́yìn tí o bá ti yí i padà, kí ìpele méjì lè wọnú ara wọn; kò ní jẹ́ òótọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n ojú á gbà á.

Ní ti Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, bí ẹyẹ bá tilẹ̀ fò tààrà láàárín wọn, á ju kìlómítà 40 lọ. O lè sún gbogbo rẹ̀ jọ kí ó kéré ju ti gidi, ṣùgbọ́n ọ̀sà á di odò kékeré, afárá á sì kúrú jù. Mú ìlú kan.

Àgbọn Àgbádárìgì

Mo kí gbogbo ilé. Ẹ ti sọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ìlà, ẹ kò tíì sọ ti ẹwà. Èmi ní ìmọ̀ràn méjì.

Àkọ́kọ́, má ṣe so ọwọ́ méjèèjì márosẹ̀ mọ́ ara wọn. Nínú géèmù yìí, ọwọ́ kọ̀ọ̀kan márosẹ̀ dá dúró, o sì lè fi àyè tó fẹ̀ sáàárín wọn. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì mọ ohun tí mò ń sọ: àárín márosẹ̀ yẹn ni wọ́n gbé ojú irin aláwọ̀ búlúù gbà, èyí tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Marina dé Mile 2 ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Ìwọ náà fi àyè sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀; gbin igi sí i nísinsìnyí, bí ìlú bá sì dàgbà, gé igi, fi ojú irin síbẹ̀. Ẹni tí kò bá fi àyè sílẹ̀ ni yóò máa wó ilé lẹ́yìn ọ̀la.

Èkejì, gbé márosẹ̀ náà gba etí omi gan-an. Kò sí ohun tó lẹ́wà tó ọ̀nà tí ọ̀sà wà lápá kan rẹ̀, tí igi àgbọn sì tò sí apá kejì. Gbin igi ẹ̀gbà sínú ẹrẹ̀ etí omi, kí gbòǹgbò wọn máa yọ sókè, ìlú rẹ á jọ ti wa pátápátá.

Ẹlẹ́ja Olúwo

Ẹ̀gbọ́n Àgbádárìgì, ẹ má jẹ́ kí ọmọ yìí sọ Ẹ̀pẹ́ di Àgbádárìgì. Omi tiyín súnmọ́ òkun, iyọ̀ ń wọ inú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ̀gbà fi ń hù níbẹ̀. Omi ìhà tiwa, pàápàá láti Ẹ̀pẹ́ lọ sí ọ̀sà Lẹ́kí tí odò Ọ̀ṣun ń ṣàn sí, omi tí kò níyọ̀ ló pọ̀ níbẹ̀. Igi ògùrọ̀ ni ẹ máa rí nínú irà wa, àti koríko gíga, àti ewé tó máa ń léfòó tí ó ń dí ọ̀nà ọkọ̀ ojú omi lásìkò kan lọ́dún. Ọ̀pẹ wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá rí ẹ̀gbà lẹ́yìn ọjà Olúwo nínú àwòrán yín, á mọ̀ pé ẹni tó ya á kò dé ibẹ̀ rí.

N kò sì fara mọ́ gbígbé márosẹ̀ gba etí omi. Etí omi ni ọkọ̀ ẹlẹ́ja ń gúnlẹ̀ sí, ibẹ̀ ni ọjà wà. Nínú géèmù náà, ilé kì í hù sí ẹ̀gbẹ́ márosẹ̀, ẹlẹ́sẹ̀ kò sì lè rìn lórí rẹ̀. Bí ẹ bá fi í sí etí ọ̀sà, ẹ ti fi odi sáàárín ìlú àti omi. Ariwo rẹ̀ á tún mú kí àwọn tó ń gbé nítòsí máa ṣàìsàn. Ẹ jẹ́ kí márosẹ̀ gba ẹ̀yìn ìlú, lókè, kí títì kékeré tó ní igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ máa sọ̀ kalẹ̀ dé èbúté.

Àgbọn Àgbádárìgì

Ìyá wa, mo gba ti igi. Ẹ kò purọ́.

Ti ọ̀nà ni n kò gbà. Ìjọba àpapọ̀ gan-an ń la òpópónà etí òkun láti Èkó lọ sí Calabar, tí gígùn rẹ̀ tó kìlómítà 700, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀ ní 2024. Bí wọ́n bá lè ṣe é ní ti gidi, kí ló dé tí a kò lè ṣe é nínú eré? Ní ti ariwo, ìtò igi tó nípọn máa ń dín in kù nínú géèmù yìí, oríṣi márosẹ̀ kan sì wà tó ní odi tó ń dá ariwo dúró.

Ẹlẹ́ja Olúwo

Àríyànjiyàn pọ̀ lórí ọ̀nà yẹn. Ṣùgbọ́n géèmù ọmọ yìí ni, òun ni kó pinnu. Ohun tí mo ń sọ ni pé odi adáríwodúró yẹn á tún bo omi tí ẹ ní kí àwọn ènìyàn máa wò.

Ará Ìkòròdú

Ọ̀nà àárín wà. Gbé márosẹ̀ gba ẹ̀yìn ìlú bí Ìyá ṣe wí, kí o sì jẹ́ kó yọ sí omi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, níbi afárá. Ibẹ̀ ni awakọ̀ yóò ti rí ọ̀sà lójijì, èyí sì wuni ju kí ó máa rí i ní gbogbo ìrìn àjò rẹ̀ lọ. Afárá Ẹ̀pẹ́ náà rí bẹ́ẹ̀.

Mo tún fẹ́ dáhùn ọ̀rọ̀ omi tó ń ya wọ àdúgbò, torí ẹnikẹ́ni kò tíì dáhùn rẹ̀. Omi inú géèmù yìí ń ṣàn ní ti gidi. Bí o bá gbé ilẹ̀ sókè nínú rẹ̀, kò ní pòórá. Á wá ibòmíràn lọ, á sì lọ bí ìgbì. Bí o bá sì ṣe iṣẹ́ ilẹ̀ ńlá nígbà tí géèmù dúró, gbogbo rẹ̀ á tú jáde pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí o bá jẹ́ kó máa lọ. Nítorí náà, ṣe é díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú géèmù tó ń lọ, kí omi lè máa rọra wá ipò rẹ̀. Ó sàn jù pé kí o wa ọ̀sà jìn ná, kó lè gba omi tí o bá tì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nínú ohun èlò ìṣe máàpù, bọ́tìnnì kan wà tó ń dá omi padà sí ipele òkun. Tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ ńlá kọ̀ọ̀kan.

Má sì gbàgbé pé omi ọ̀sà kì í ṣàn kíákíá. Bí o bá da omi ìdọ̀tí sínú rẹ̀ nítòsí ọjà, àwọ̀ ilẹ̀ ló máa ní, gbogbo ẹwà tí ẹ ń jà lé lórí á sì di asán. Gbé ẹnu paipu ìdọ̀tí jìnnà sí ọjà, sí ìhà ibi tí omi ń ṣàn lọ.

Kékeré Adéríta

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí pé kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò lágbára. Igi tí géèmù náà ń gbà kò ju 262,144 lọ láìsí mọ́ọ̀dù, ìyẹn sì lè dà bí ohun tó pọ̀ títí ẹ ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi búrọ́ọ̀ṣì gbin igbó. Kó má gbin igi sí ibi tí ojú kò lè dé. Kó fi igi kún etí márosẹ̀ àti etí omi, kó sì jẹ́ kí igbó ọ̀nà jíjìn fọ́nká. Ohun tó ń gba àyè ìrántí kọ̀ǹpútà jù ni oríṣiríṣi igi, ilé àti ọkọ̀ tí a kó wá láti orí Steam. Kí ó mú oríṣi ògùrọ̀ kan, ọ̀pẹ kan, àgbọn kan, kó sì máa yí ìhà tí wọ́n kọjú sí padà. Ẹ tún rántí pé igi máa ń dín agbára afẹ́fẹ́ kù, nítorí náà kó má gbin igbó yí àwọn ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tó ń pèsè iná ká.

Ọmọ Etí Ọ̀sà (Ẹ̀pẹ́)

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo yín. Mo ti rí fáìlì bíìtì 16, àtẹ̀gùn yẹn ti lọ, mo sì ti wa àárín ọ̀sà. Mo ti gbé ọ̀nà ìjáde àwọn tírélà kúrò ní ìdí afárá, mo sọ ọ́ di onílà méjì, ìtò náà kò dé orí omi mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì máa ń gùn díẹ̀ nígbà míì. Ti Ìyá ni mo tẹ̀ lé lórí ọ̀rọ̀ etí omi, ẹ̀gbọ́n Àgbádárìgì ẹ forí jì mí. Ṣùgbọ́n mo fi àyè sáàárín márosẹ̀ bí ẹ ṣe wí.

Ó ku ẹyọ kan. Orí afárá mi máa ń ṣe gẹ́rẹ́gẹ̀rẹ̀: ó gòkè lójijì, ó sọ̀ lójijì, kò sì tẹ́jú bí ti gidi.

Ayàwòrán Ilẹ̀

Ilẹ̀ tó wà ní orí méjèèjì ló fà á. Afárá rẹ ń bẹ̀rẹ̀ láti etí omi, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ gun òkè kíákíá. Lo ohun èlò ìdagẹ̀rẹ̀ láti gbé ilẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, kí ọ̀nà ti ga tó kó tó kúrò lórí ilẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, fa afárá náà ní gíga kan ṣoṣo láti orí kan dé èkejì, má tẹ bọ́tìnnì ìgbéga láàárín. Bí oríkèé kan bá ṣì yọ sókè, mọ́ọ̀dù Move It á jẹ́ kí o mú oríkèé yẹn nìkan kí o sì bá àwọn yòókù dọ́gba. Kí o sì yí ìgbésókè kọ̀ọ̀kan sí mítà 3, dípò 12.

Awakọ̀ Ìtóìkín

Bí ìtò tírélà náà bá ṣì ń gùn, gbìyànjú ráńdábáọ̀tì tí mo sọ. Kí o sì fi àwòrán ránṣẹ́ sí wa, kí Ìyá lè bá wa wo igi rẹ̀.

Ẹlẹ́ja Olúwo

Kó fi èbúté ọkọ̀ ojú omi sí i ná. Àfikún Mass Transit tó jáde ní 2017 ló ń fúnni ní ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé èrò; bí àwọn ènìyàn bá ń gba orí omi, ọkọ̀ orí afárá á dín kù. Lẹ́yìn ìyẹn ni màá wo igi.